Yàrá Kan Nínú Mẹ́wàá

Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn: ní gbogbo Ungwan Dosa, ní Kaduna níbí, kò sí ẹni tó rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ tó Hàwáwù ìyàwó Àbdùlkàrímù. Bí o bá sọ fún un pé oòrùn òní mú ju ti àná lọ, á ní òótọ́ ni. Bí ẹlòmíràn bá dé lẹ́yìn rẹ tó ní irọ́ ni, ti àná ló mú jù, á ní òótọ́ nìyẹn náà. Àwọn Hausa àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ, Mama Gaskiya ni wọ́n ń pè é, nítorí pé “gaskiya ne”, òótọ́ ni, kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà gọ̀ o. Ó ta gwanjo, aṣọ àlòkù tó ń ti òkè òkun wá, fún ohun tó lé ní ogún ọdún, n kò sì tíì rí oníbàárà tó rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀, ó máa ń rí ibi tí ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀. Àìsàn ni, bí ẹ bá bi mí.

Makera ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 2000 bẹ́ sílẹ̀, tí Mùsùlùmí ń sá kúrò ní gúúsù Kaduna, tí Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ń sá kúrò ní àríwá, wọ́n sá bọ́ sí Doka lápá àríwá pẹ̀lú ẹrù orí kan ṣoṣo. Badrudeen, àkọ́bí wọn, ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré. Rasheedah, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin ló gbà wọ́n, tí wọ́n fún wọn ní yàrá ẹgbẹ́ kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé lọ́fẹ̀ẹ́ títí Àbdùlkàrímù fi gbérí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yàrá ẹgbẹ́ jẹ́, torí òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Àwọn bàbá àtijọ́ tó wá ṣòwò láti Ìlọrin ló fi í lélẹ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú tó sì fi ilé sílẹ̀, kí wọ́n tó pín ogún rẹ̀, ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ mú ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ilé náà bá ní yàrá mẹ́wàá, yàrá kan ti di ti ẹgbẹ́ nìyẹn. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi opó tí kò lẹ́nìkan sí, tàbí arúgbó, tàbí ẹni tí ilé rẹ̀ jóná. Kò sí ọlọ́pàá tó ń gba ìdámẹ́wàá yìí, kò sí kóòtù. Ìtìjú ló ń bá wọn gbà á.

Àbdùlkàrímù tó jẹ nínú oore yìí, òun náà ló máa ń bú u jù. Bó bá ti ìpàdé dé báyìí, á bọ́ fìlà, á ní, “Hàwáwù, ogún tí Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ pín, ta ló fún wọn láṣẹ kí wọ́n bù ú?” Hàwáwù á ní òótọ́ ni. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tó rí opó kan tó ń fi igbá ru ẹrù wọ yàrá ẹgbẹ́, á mi orí, á ní, “Bí kì í bá ṣe yàrá yìí, ibo ni àwa ì bá forí pamọ́ sí?” Hàwáwù á tún ní òótọ́ ni. Ọkùnrin náà wá ṣàìsàn tí kò tó nǹkan, ó kú. Kò sọ èyí tó dì mú nínú méjèèjì.

Ilé tó fi sílẹ̀ ní Ungwan Dosa, ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Àbdùlkàrímù ló ra ilẹ̀, tó mọ bíríkì. Páànù orí rẹ̀ àti gbogbo fèrèsé rẹ̀, owó gwanjo Hàwáwù ni. Àwọn méjèèjì ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn pátápátá, Badrudeen àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú méjì lójú ọ̀nà, ayálégbé ló kún ìyókù. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì, télọ̀ kan ló háyà rẹ̀, owó tó ń ti ibẹ̀ wá ni Àbdùlkàrímù máa ń kó lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Orúnkún Hàwáwù ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè gbé ẹrù gwanjo mọ́, kò lè jókòó lọ́jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Yàrá iwájú yìí ló ń bọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, tí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá gba tàwọn, ìbéèrè kan ló gba obìnrin náà lọ́kàn. Bí wọ́n bá lọ mú yàrá iwájú ńkọ́?

Ìjà kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ná.

“Haba, Màmá!” Badrudeen ló kọ́kọ́ bú jáde. Ó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà, ẹnu rẹ̀ mú. “Bàbá san owó ilẹ̀ fún ìjọba. Ó yọ sàká. Ó san àsansílẹ̀ ẹgbẹ́ títí ó fi kú. Ó wá kú tán, wọ́n tún ń gbowó orí lórí ikú rẹ̀! Kí ló ṣẹ̀? Ṣé pé ó kọ́lé ni?”

“Òótọ́ ni,” Hàwáwù dáhùn.

Rasheedah, tó ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tó ti ilé ọkọ wá torí ọ̀rọ̀ yìí, ṣe hẹ̀ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Yaya, inú yàrá ẹgbẹ́ ni ẹ ti parí Kùránì. Wòlímọ̀ yín, iwájú yàrá ẹgbẹ́ la ti ṣe é. Ẹnì kan kú ká tó ríbi gbé. Ká ní àwọn ọmọ ẹni yẹn náà ní àwọn ò fún wa, kí ni ẹ̀ bá sọ?”

“Òótọ́ ni o,” Hàwáwù ní.

“Ta ló ń bá ẹ jiyàn ti ìgbà yẹn?” Badrudeen yí padà sí àbúrò rẹ̀. “Wọ́n lé wa nílé nígbà yẹn, a kì í ṣe ọ̀lẹ. Ti ìsinsìnyí ni mò ń wí. Ẹ rántí bàbá kan tí wọ́n fún ní yàrá ní Doka, tó lọ fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́, tó wá lọ ń gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Òun ni kí n fi òógùn bàbá mi bọ́? Bí nǹkan bá ti di ọ̀fẹ́, olè àti ọ̀lẹ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀.”

“Mo mọ bàbá náà,” Hàwáwù ní. “Òótọ́ nìyẹn náà.”

“Màmá!” Àwọn ọmọ méjèèjì ló pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Bàbá tó fi yàrá ọ̀fẹ́ háyà wà lóòótọ́, alákọrí ni. Opó tí kò ríbi sùn náà wà lóòótọ́. Hàwáwù ń wò wọ́n lẹ́nu. Rasheedah ní àwọn ìlú Òyìnbó kan wà tí ìjọba wọn ń mú nínú ogún olówó, tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìní. Badrudeen ní kí ìjọba tibí fún òun níná tí kì í lọ ná, òun á jẹ́ kí wọ́n mú ìdámẹ́wàá, òun á tún fi ẹ̀jẹ̀ òun kún un. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá ni Badrudeen wá gbé ọ̀rọ̀ tó jù kalẹ̀. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ gbọ́ o. Ọlọ́hun ló pín ogún. Ó sọ ti ìyàwó nínú Kùránì, ó sọ ti ọmọkùnrin, ó sọ ti ọmọbìnrin. Ibo ló ti dárúkọ ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin? Kí wọ́n pín in bí Ọlọ́hun ṣe pín in, kó má lé, kó má dín. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìpín Ọlọ́hun, òun àti Ọlọ́hun.”

Hàwáwù ní òótọ́ ni. Ta ni yóò bá Kùránì jiyàn?

Ṣùgbọ́n Rasheedah ní èsì. “Ọlọ́hun kan náà ló ní kí olóògbé lè fi díẹ̀ tọrẹ, kí wọ́n tó pín èyí tó kù. Tí ìdámẹ́wàá náà bá jẹ́ ohun tí Bàbá fi tọrẹ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó wá fi tọrẹ?”

Àwọn méjèèjì yíjú sí ìyá wọn. “Màmá, kí ni Bàbá sọ?”

“Ó sọ méjèèjì,” Hàwáwù ní. Kò sì purọ́. Badrudeen bú sí èdè Hausa, ó jáde, ó gbá ìlẹ̀kùn dé.

Ọjọ́ ìpàdé, iwájú mọ́sálásí ní Doka ni wọ́n tẹ́ ẹní sí, àwọn ọkùnrin níwájú, àwọn obìnrin lẹ́yìn. Àáfà Waliyullah ni alága. Arúgbó ni, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohùn bá a ṣeré o. Ọkùnrin yìí kì í jiyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, àdúrà ló máa ń gbà. Ẹgbẹ́ ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, síbẹ̀ wọn kì í rántí lọ́jọ́ tó bá ṣe é.

Badrudeen sọ tẹnu rẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, àwọn ọ̀dọ́ ń mi orí. Rasheedah sọ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn obìnrin ní ó káre. Ẹnì kan wá dárúkọ opó tó ń dúró de yàrá, Jemilat lórúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà Kano, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ wá sí Kaduna, fáráńdà ìbátan rẹ̀ kan ló ń sùn. Àáfà Waliyullah yíjú sí ẹ̀yìn.

“Ìyá Badru, ẹ̀yin lẹ ni ọkọ. Kí lẹ rí sí i?”

Hàwáwù dìde díẹ̀ lórí orúnkún tó ń ro ó. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n má mú yàrá iwájú, ó fẹ́ sọ pé opó náà ṣe òun láàánú, ó fẹ́ sọ pé ọmọ òun kì í ṣe ahun. “Ohun tí Badrudeen sọ, òótọ́ ni,” ó ní. “Èyí tí Rasheedah sọ náà, òótọ́ ni.”

Ẹ̀rín sọ. Àáfà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, gbogbo agbo náà sì gbé ọwọ́ tiwọn, torí nígbà tí àáfà bá gbé ọwọ́, Mùsùlùmí wo ni yóò kó tirẹ̀ sábíyá?

“Ọlọ́hun, forí ji Àbdùlkàrímù.”

“Àmín.”

“Jẹ́ kí sàréè rẹ̀ fẹ̀, kó mọ́lẹ̀.”

“Àmín.”

“Ọmọ tó fi sílẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n tọrọ jẹ. Èyí tó wà nínú oyún lọ́ọ̀dẹ̀ Badrudeen, jẹ́ kó sọ̀ láyọ̀.”

“Àmín!” Ti Badrudeen ló ròkè jù.

“Yàrá kan tí wọ́n yọ fún ẹgbẹ́ nínú ogún yìí, gbà á lọ́wọ́ wọn ní sàráà tí kì í tán.”

“Àmín!”

“Ajogún kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó gba ìpín tí o pín fún un, láìkùn, láìráhùn.”

“Àmín, àmín!” Hàwáwù fi ìyẹn sí i pẹ̀lú omijé, torí àdúrà náà dùn.

Wọ́n fọwọ́ nu ojú. Àárín ìmú ni ọwọ́ Badrudeen dúró sí. “Ẹ dúró ná. Kí ni mo ṣàmín sí?”

Ẹ rí agbo bí ó ṣe rú! Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dojú bolẹ̀. Badrudeen ń pariwo pé wàláhì, àmín kì í ṣe ìlérí, ojú àṣà lòun fi ṣe é. Ẹnì kan ní bó bá jẹ́ ojú àṣà, ṣé ojú àṣà náà ló fi ṣàmín sí oyún ìyàwó rẹ̀? Ẹlòmíràn ní ẹ̀tàn ni Àáfà ṣe, a kì í fi ẹ̀tàn gba sàráà. Méjì nínú àwọn àgbà ti ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Àáfà Waliyullah ti ń wọ bàtà rẹ̀ ní tirẹ̀. “Ọmọ mi,” ó ní, “bó o bá fẹ́ kí àmín rẹ padà, ọ̀dọ̀ ẹni tó o fi ránṣẹ́ sí ni kó o ti lọ gbà á. Mi ò ní lọ́wọ́.”

Badrudeen kò lè lọ gbà á. Ta ni yóò gba àmín tó ṣe sí yàrá padà, tí yóò fi èyí tó ṣe sí oyún sílẹ̀? Ó bínú dé ilé, kò jẹun, ṣùgbọ́n ó gbà. Yàrá Àbdùlkàrímù fúnra rẹ̀ ni wọ́n yọ, torí òun ló ṣófo. Hàwáwù dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé yàrá iwájú yè. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ tún bàjẹ́, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni Àáfà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pín mẹ́sàn-án tó kù. Badrudeen ló ń tẹnu mọ́ ọn jù: “Bí Ọlọ́hun ṣe pín in. Kó má lé, kó má dín.” Ó ti pàdánù ọ̀kan, kò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọwọ́ tútù mú ìyókù.

“Ó dáa,” Àáfà ní. “Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀. Èyí tó kù, ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin.” Ó ṣí ọwọ́, ó ka ìka. Badrudeen, yàrá márùn-ún àti díẹ̀. Rasheedah, méjì àti ààbọ̀. “Ìyá Badru, yàrá kan. Ó lé díẹ̀, tí ọmọ yín á máa fún yín ní nǹkan rẹ̀.”

Hàwáwù rò pé àáfà kò tíì kà á tán ni. Ó dúró. Nígbà tó rí i pé ó ti kà á tán, ó ní, “Kan?”

“Kan, Ìyá Badru,” Àáfà ní.

“Bí ẹgbẹ́ kò bá wá mú tiwọn ńkọ́?”

Àáfà tún ka ìka. “Kan náà ni. Ó kàn máa lé díẹ̀ sí i.”

Ẹ gbọ́ mi. Obìnrin yìí ti sunkún, ó ti ṣàìsùn, ó ti dúró láàárín ọmọ méjì bí ẹni tí wọ́n ń fà ya, lórí ọ̀rọ̀ tí kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀! Bí ẹgbẹ́ mú, bí ẹgbẹ́ ò mú, yàrá kan ni. Yàrá Badrudeen ni wọ́n ń jà lé lórí látọjọ́ yìí.

“Yàrá iwájú ńkọ́?” ó bi wọ́n.

Ìpín Badrudeen ló bọ́ sí. “Màmá, mo máa máa bọ́ yín,” Badrudeen ní, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́. Hàwáwù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ọmọ kẹta ń bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, pé ọjà fóònù kì í fi gbogbo ìgbà tà, pé ẹni tó ń jẹ lọ́wọ́ ọmọ máa ń wo ojú ọmọ kó tó sọ pé ebi ń pa òun. Ó wo òkè àjà. Páànù òun nìyẹn. Ó ní, “Páànù yìí . . .”

“Màmá,” Badrudeen ní, jẹ́jẹ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, “ẹ̀yin náà ṣàmín sí i. Láìráhùn.”

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Rasheedah tó lẹ́nu jù lórí ọ̀rọ̀ aláìní, ó ń wo ilẹ̀. Kò dá méjì àti ààbọ̀ rẹ̀ padà. Ó dun Hàwáwù. Ó dùn ún wọ eegun. Kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí, torí Badrudeen kò jalè, Àáfà kò purọ́, Ọlọ́hun kò sì jẹ́ ṣìṣe. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á ní iwájú mọ́sálásí.

Ọjọ́ tí Jemilat kó wọlé, ìrọ̀lẹ́ ni. Ayálégbé kan ló júwe fún un pé ẹ̀yìn ni yàrá àwọn opó wà. Ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tán, ó jáde, ó rí ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà kejì, sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkòkò kékeré lórí iná. Ó kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni wọ́n fún ní yàrá yìí.”

“Sannu, ọmọ mi. Ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ọ̀fọ̀.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.” Jemilat wo inú yàrá tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí aṣọ, ẹrù yàrá méjì tí wọ́n rọ́ sínú ọ̀kan. Ó wò ó bí ẹni tó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ fún yín ní tiyín?”

Hàwáwù wo ojú ọmọbìnrin náà, ó wo ìlẹ̀kùn tó tò lọ lápá ọ̀tún, ó wo èyí tó tò lọ lápá òsì. Inú bí i. Kí ni yóò sọ? Pé ìyàwó onílé lòun? Ta ni onílé?

“Ẹgbẹ́ kọ́,” ó ní. “Ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún mi.”

Jemilat lanu, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ìlara tó mọ́, tí kò ní ìkà nínú, hàn lójú rẹ̀. “Háà, Màmá! Ẹ kú oríire. Yàrá odidi kan! Tèmi ò fi nǹkan kan sílẹ̀.”

Hàwáwù kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó sunkún. Ó sún díẹ̀ lórí ẹní, kí ọmọbìnrin náà lè ríbi jókòó.